Ẹ Bá Mi Bẹ̀ Wọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe fẹ́ràn ọmọdé tó, ọ́fíìsì wẹ́fíà ní Ọ̀tà ni kó yà sí láyé ìgbà náà. Yàrá kan ni, tábìlì méjì, fáànù tí kì í yí, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwayẹ́misí Ṣótúndé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Jabez. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ọmọ tí wọ́n bá ń fìyà jẹ sílẹ̀. Ibi tí yóò gbà á sí ni ìjọba kò rántí kọ́. Ilé àwọn ọmọ tó wà ní Abẹ́òkúta ti kún, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún un lórí fóònù ni pé kó lọ wá ẹbí ọmọ náà rí. Bí Ìyá Jabez ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn: bí ọmọ bá dé, a ó ránṣẹ́ pe ẹbí; bí ẹbí bá dé, ọ̀rọ̀ á parí sílé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ló máa ń wí, inú rẹ̀ a sì dùn sí ara rẹ̀.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní gbogbo àdúgbò, tí yunifásítì sì ti sọ ilẹ̀ Ọ̀tà di wúrà, ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Treasure fa ọmọbìnrin kékeré kan wọlé wá. Àlàrí lorúkọ ọmọ náà. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ti mú un wá. Ọ̀dọ̀ Susanna Fákọ̀yà, díákónẹ́ẹ̀sì kan tó sọ ilé rẹ̀ ní Ilo-Awela di họ́sítẹ̀ẹ̀lì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń gbé. Àlàrí ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun ló ń fọ aṣọ àwọn ayálégbé, òun náà ló sì ń lọ̀ ọ́.

"Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, mà," Treasure wí, ó sì ká aṣọ ọmọ náà sókè.

Ojú áyọ́ọ̀nù ni. Ó hàn kedere láti ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ dé ìdí, bí ìgbà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì tutù.

"Gáùn mi ló jó. Gáùn matric. Mo kan complain fún Mummy Hostel ni o, I swear, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa..." Treasure bú sẹ́kún. Ẹkún rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n jó lọ.

Àlàrí ní tirẹ̀ kò sunkún. Ìyá Jabez fà á mọ́ra, ó yẹra fún ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi. Ohunkóhun ò ní ṣe ẹ́. Èmi ni ìjọba."

Ọmọ náà kọ́kọ́ fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá pariwo, àwọn á tún mú un gbóná."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mummy ni."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe fún ẹ?"

"Mo fẹ́ lọ bá màmá mi."

Orí Ìyá Jabez wú. Ọ̀rọ̀ ti bá àṣà mu. Ó wá awakọ̀ ará Ìsẹ́yìn kan kàn ní Toll Gate, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kó máa bọ̀ kíákíá. Ìyá wo ni yóò rí irú ẹ̀yìn yìí tí kò ní gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ sílé? Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ni wúrà? Kò ṣáà rántí pé ebi a máa ta wúrà.

Kí ìyá tó dé, ilé ara rẹ̀ ló mú ọmọ náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin iṣẹ́ wọn kò fàyè gba irú ẹ̀. Ó fi òróró pa egbò náà, ó fún un lóúnjẹ, ó tẹ́ ẹní fún un. Nígbà tí yóò fi jí láàárọ̀, Àlàrí ti gbá gbogbo àgbàlá, ó ti fọ abọ́, ó sì dúró ti tábìlì, ó ń lọ yúnífọ́ọ̀mù Jabez. Ó yẹ kí Ìyá Jabez gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó. Ohun tó sọ ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí mà mọṣẹ́ o!" Ó sì mú blọ́ọ̀sì tóun fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ìyá dé, Susanna náà ti jókòó ní ọ́fíìsì, nítorí àṣà Ìyá Jabez ni pé kí tọ̀túntòsì pé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, Bíbélì rẹ̀ wà lórí itan. Treasure kò wá. Susanna ti sọ fún un pé bó bá yọjú síbẹ̀, kó yáa wá yàrá míì gbé.

Àdìzát ni wọ́n ń pe ìyá Àlàrí. Obìnrin tín-ín-rín ni, eruku ọ̀nà ṣì wà lára ìbòrí rẹ̀. Àlàrí sáré lọ dì mọ́ ọn ní ẹsẹ̀. Ìyá Jabez ká aṣọ ọmọ náà sókè, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ han ìyá, ó wá dúró de igbe.

Àdìzát wò ó títí. Ó fi ìka kan etí egbò náà. Lẹ́yìn náà ló gbá ọmọ náà lójú.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti wà lórí eékún méjèèjì níwájú Susanna. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ọmọdé ni. Ẹ má lé e."

"Ìyá Àlàrí, ẹ dìde!" Ìyá Jabez figbe ta. "Ọmọ yín ni wọ́n jó. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀bẹ̀ mi, mà. Mẹ́rin ló kù sílé, bàbá wọn sì ti kú. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ń jẹun lójoojúmọ́. Ibo lẹ ní kí n mú un lọ?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé," Àlàrí wí.

"Ilé wo?"

Susanna mí kanlẹ̀. "I am very disappointed. Èmi tí mo mú un bí ọmọ! Ó bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn student mi. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́ o. Ẹ máa mú un lọ."

Àdìzát yíjú sí Ìyá Jabez. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Wọ́n ní ilé yín ló sùn. Ẹ kúkú mú un. Ẹ ò ní kábàámọ̀, ó mọṣẹ́."

Àlàrí gbójú sókè wo Ìyá Jabez. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìrètí yóò hàn lójú ọmọ náà, ó sì burú láti wò. Ìyá Jabez ronú kan ọkọ rẹ̀, ó ronú kan yàrá méjì tí wọ́n ń gbé, ó ronú kan owó ilé ìwé Jabez.

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀," ló wí. Òfin ọ̀hún kan náà ló gbà kí ọmọ náà bá a lọ blọ́ọ̀sì.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mà. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Láàárín wa, bí ẹ̀bẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá jókòó wòran lọ̀dájú. Ìyá Jabez kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́dájú. Ó dìde lẹ́yìn tábìlì, ó rọra tẹ eékún rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdìzát.

"Mummy, ẹ wo ti Ọlọ́run mọ́ wa lára. Ẹ gbà á padà. Èmi ni mo bẹ̀ yín."

Susanna jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún gèlè ṣe. "Torí tiyín ni o, ọ́físà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ òótọ́. Àlàrí, ta ló jó ẹ?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó wo Ìyá Jabez, tó ṣì wà lórí eékún, tó sì ń wo sìmẹ́ǹtì.

"Èmi ni. Èmi ni mo lọ fara kan áyọ́ọ̀nù."

"Ta ló wá kọ́ ẹ pé kó o máa purọ́ mọ́ mi?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀," Susanna wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lé ọmọ náà lórí.

Àdìzát ń dúpẹ́ kiri yàrá. Ó súre fún Susanna, ó súre fún ìjọba, ó súre fún fáànù pàápàá bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ ti ọmọ rẹ̀ léjìká. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló bá wa bẹ̀bẹ̀."

Àlàrí kúnlẹ̀, báàgì ń bẹ lórí rẹ̀, kò sì mì.

"Ẹ ṣé, mà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ọmọ dáadáa," ni ẹnu Ìyá Jabez fi dá a lóhùn, kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ.