Fáíbà Tó Gùn Jù

Ó gùn jù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wọ̀n — ó ṣì gùn jù. Fáíbà méjì, okùn gíláàsì tí kò nípọn ju irun orí lọ, tó yẹ kí wọ́n dọ́gba délẹ̀délẹ̀... ọ̀kan wá fi díẹ̀ yọ lẹ́nu. Ọkọ mi ló fà á. Ìgbà tí mo gbé abẹ lé e gan-an ló wá pè mí lórí fóònù: "Ìyàwó mi, ẹyin yìí, ṣé kí n sè é ni àbí kí n dín in?" Ẹyin! Lọ́jọ́ òní!

Ọ̀gá ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí. Ohùn wọn ṣì wà létí mi: "Tí fáíbà yẹn ò bá lè gbọ́ èémí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, fi tábìlì iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíì." Èémí ọmọ tó kéré báyẹn... mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Kí n tètè gé ẹnu èyí kúrò kí wọ́n tó dé. Abẹ dà? Ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣé orí mi pé báyìí?

Dúró ná. Kí ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn? Fáíbà kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣe ìgbì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ìyẹn mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òkè ńlá tó gun orí gbogbo ìgbì yìí... ta ló gbé e wá? Ó ń rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń rìn! Mo sé èémí — ó dúró. Mo mí — ó tún gbéra, bí ẹni tí wọ́n ń pè nílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni! Èèyàn méjì tó jọ ń rìn, tí ìṣísẹ̀ wọn fi díẹ̀ yàtọ̀ síra: ẹsẹ̀ wọn á bára mu níhìn-ín, á tún di ọ̀ọ́kán kí wọ́n tó tún bára mu. Kí ọ̀kan fi ìka kan péré kún ìṣísẹ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń bára mu á sún lọ jìnnà. Tí fáíbà méjèèjì bá dọ́gba, òkè ò sí! Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ... inú mi ń dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Má kígbe o. Gbé abẹ yẹn sílẹ̀, obìnrin yìí. Rọra.

Òkè náà tún ń mì. Mi ò mà mí o... Ó fò sókè, ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ó fò, ó rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wúwo, ìkejì ń wọ́lẹ̀... ta ló ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí bí kò ṣe — etí mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ọ̀gá ti wà lórí àtẹ̀gùn.