Aago Ọrùn Albert

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sáré láìlo aago. Ẹnu Kóòṣì Albert ni aago mi. Láràárọ̀ ni yóò gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé mi láti Sabon Gari dé Bompai, pẹ̀lú aago eré tó fi okùn kọ́ ọrùn, tí yóò sì máa pe ìṣẹ́jú fún mi. Bí mo bá délé, mo máa ń kọ gbogbo ohun tó pè sínú ìwé. Ìwé márùn-ún ló kún tán, ẹ̀kẹfà ti dé ìdajì.

Mo gba aago ọwọ́ kan rí níbi eré kan ní Kàdúná. Albert ní kí n má fi sọ́wọ́. "Aago lọ́wọ́ eléré, ọkàn méjì ni. Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o máa rò, fi ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún mi." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo fún Bushrat àbúrò mi ní aago náà.

Eré ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi, fáànù tó wà ní pálọ̀, rédíò bàbá mi, ẹsẹ̀ mi ló gbé gbogbo wọn wọlé. Síbẹ̀, àwọn aládùúgbò kò kà á sí iṣẹ́. Ìyá Rahinat, tó ń din kósáì lẹ́nu ọ̀nà wa, kì í jẹ́ kí n kọjá lásán.

"Hajarat, ta ló tún ń lé ọ láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, mà."

"Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó yẹ kí ọkùnrin kan ti máa lé ọ!"

Bàbá mi, Alhaji Ṣàràfá tó ń ta aṣọ lọ́jà Sabon Gari, kò bá mi ṣàwàdà ní tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 1984 bẹ̀rẹ̀, ó pè mí. "Ọdún yìí ni mo fún ọ. Bí wọn kò bá mú ọ lọ sáré ní òkè òkun, wàá fi eré sílẹ̀, wàá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù." Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kẹta, eré ńlá dé: kìlómítà méjìlélógójì, láti Sabon Gari lọ sí Tarauni, gba Bompai, kí a sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bá gba ipò kìíní nìkan ni wọn yóò mú lọ sí òkè òkun. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń ṣọ́, Rose, ọmọbìnrin tó ń sáré fún iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Bompai. Mo ti borí rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

"Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni kí o fi dé Bompai," ni Albert wí. "Bí o bá yá jù bẹ́ẹ̀, wàá wó kí o tó padà."

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ gẹ́lẹ́ òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n yìnbọn. Èmi ni mo ṣíwájú. Ní Tarauni, àwọn ọmọdé ń fi èdè Hausa pè mí ní eléré, "Mai gudu! Mai gudu!" Rose wà lẹ́yìn réré. Nígbà tí mo dé Bompai, Albert dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago.

"Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún! Hajarat, o ti yára jù! Rọra! Rọra, mo ní!"

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ara mi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo dẹ ẹsẹ̀. N kò tíì gbé ogójì ìṣísẹ̀ tí fèrè iléeṣẹ́ fi dún. Fèrè aago mẹ́jọ ni, èyí tí gbogbo Sabon Gari fi ń yí aago wọn. Láti mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, ohun tí a jọ fẹ́ gan-an. Mo ṣe ìṣirò náà bí mo ṣe ń sáré. Síbẹ̀ mo sọ lọ́kàn mi pé fèrè ti yá jù lónìí. Mo ka ẹ̀rọ sí òpùrọ́, mo ka ènìyàn sí olóòótọ́.

Mo rọra fún kìlómítà márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀. Rose kọjá lára mi láì wò mí. Kẹ̀kẹ́ kan ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Albert ló wà lórí rẹ̀, ó ń pe ìṣẹ́jú fún un.

Ìgbà yẹn ni mo gba fèrè gbọ́. Mo sá gbogbo eré tó kù nínú mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tó mọ́. Nígbà tí Rose já okùn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tó wà láàárín wa.

Mo lọ bá Albert. "Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n rí aago yẹn."

Ó dì í mú. "Hajarat, iléeṣẹ́ Rose fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn kò bá borí, kí n má wá. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ẹ ti kúrò lẹ́yìn mi."

Ó wo ilẹ̀. "Bí mo bá sọ fún ọ, wàá borí rẹ̀."

Nígbà tí mo rò ó fún bàbá mi, kò bá mi kẹ́dùn. "Èmi, bí mo bá ra ìgàn aṣọ, ọ̀pá tèmi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi ló tà á. Ọdún mẹ́fà ni o fi ń ra ọjà tí o kò wọ̀n." Ó wá bi mí pé, "Oṣù wo la wà yìí?"

"Oṣù kẹta, sà."

"Ọdún kan ni mo fún ọ. N kò sọ pé oṣù mẹ́ta."

Mo kó àwọn ìwé náà jáde. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀. Bushrat ní kí n dáná sun wọ́n. N kì í sun ìwé tí òfìfo ṣì kù nínú rẹ̀. Mo yí ẹ̀kẹfà padà, kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Bá mi mú aago Kàdúná yẹn wá."

"Haba, Àǹtí! Ẹ ti fún mi tipẹ́!"

"Wàá gbà á padà bí mo bá dé."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi nìkan ni mo sáré lọ sí Bompai. Albert dúró sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, ó ń retí Rose. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn, ó gbé aago ọrùn rẹ̀ sókè, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pe ìṣẹ́jú.

Mo wo ọwọ́ mi, mo kọjá.