Àgádágodo Ẹnu Ìgò

Akambi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè nípa àgádágodo, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lórí ìjókòó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ní Djègan-Kpèvi. Àpótí ìyàwó, ilẹ̀kùn bùtíìkì, tábìlì àwọn akọ̀wé ní bùrò, kò sí èyí tí kò ṣe títì fún rí. Èyí tó wá mú un lómi jù lọ ni ìgò rọ́bà kan báyìí tí ọmọ rẹ̀, Àdùkẹ́, gbé wọlé.

Àdùkẹ́ ń fọ aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Adjaratou, ọmọ ọdún márùn-ún, sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Tí àbàwọ́n bá lágídí lára aṣọ funfun, omi Jàfẹ́ẹ̀lì, omi líle tó ń bó àbàwọ́n, ló máa ń fín sí i. Ẹ̀yin náà mọ omi ọ̀hún, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú ojú ṣomi. Inú ìgò tí wọ́n ń kó wá láti Èkó ló ń rọ ọ́ sí, ìgò tó ní ahọ́n lẹ́nu. Tí èèyàn bá ti fi ìka fa ahọ́n yẹn, omi á fín jáde ṣàà. Ohun ìṣeré ni lójú àwọn ọmọdé. Nígbà ọyẹ́, ọmọ Issiaka oníbàtà tó wà níwájú ilé fín in sójú ara rẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Akambi kò ti balẹ̀ mọ́. Ìgbàkúùgbà tí Adjaratou bá sún mọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń fọṣọ, àyà rẹ̀ á já.

“Ojú ọmọ yìí kò ní fọ́ níṣojú mi,” ló wí fún Àdùkẹ́. “N óò ti ìgò yẹn.”

Oṣù méjì ló fi wà lẹ́nu rẹ̀. Wáyà ló kọ́kọ́ fi de ahọ́n náà, Adjaratou fi eyín tú u kí bàbá tó yíjú padà. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e le débi pé Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ kò rí i ṣí, àbàwọ́n sì ń gbẹ mọ́ aṣọ oníbàárà. Ìgbà kẹta ni ọgbọ́n náà tó wá. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan dá ahọ́n dúró, ó wá fi bọ́tìnnì bàbà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Tí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún di ìgò náà mú, àtàǹpàkò rẹ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò ní dé ibi bọ́tìnnì láéláé. Àfi kí o mú ọwọ́ òsì wá, kí o fi tẹ bọ́tìnnì, kí ọ̀tún tó lè fa ahọ́n.

Àgbàlagbà á mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọdé ńkọ́? Ọmọdé wo ní Djègan-Kpèvi ló máa na ọwọ́ òsì sí nǹkan? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò ni wọ́n ti ń gbá wọn lọ́wọ́ nítorí ẹ̀. Adjaratou gan-an, ọwọ́ òsì ló ń lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun fúnra rẹ̀. Akambi ló fi àkísà so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kan, títí ọmọ fi ń fi ọ̀tún gba nǹkan bí èèyàn gidi. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Lójú tirẹ̀, ó ti tán.

Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó kó ọmọ méjìlá jọ, ó rọ omi lásán sínú ìgò, ó jókòó síwájú wọn, ó ní kí wọ́n ṣí i. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fà á títí ó fi sú wọn. Adjaratou náà fà á títí, kò ṣí. Inú bàbá dùn bíi pé wọ́n fi í jẹ oyè.

Hilaire, tí í ṣe délégé àdúgbò, aṣojú ìjọba láàárín wa, gbọ́. Ọdún tí wọ́n ní a kì í ṣe Dahomey mọ́, pé Benin ni wá, ni mò ń sọ yìí. Àwọn ológun ti wà lórí oyè láti ọdún 1972, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ti di ká gbára lé agbára ara wa. Hilaire kò ju ẹgbẹ́ ọmọ Akambi lọ, ṣùgbọ́n kámáráàdì, bí àwọn ará ìjọba ti ń pe gbogbo èèyàn nígbà náà, ló ń pè é.

“Kámáráàdì Akambi, iṣẹ́ yín á wà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wá sí bùrò mi ní Ọjọ́rú, ká kọ orúkọ yín sílẹ̀.”

Orúkọ náà ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Issiaka sáré wọlé. Adjaratou ti fín Jàfẹ́ẹ̀lì sójú ara rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sá aṣọ. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù.

Ní àgbàlá ọsibítù, níṣojú gbogbo èèyàn, ìbínú Akambi bọ́ sórí Àdùkẹ́.

“Ìwọ lo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.”

“Bàbá, mo tì í. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í.”

“Irọ́ lò ń pa. Àgádágodo tèmi kì í ṣí fún ọmọdé. O fọ́ ọmọ rẹ lójú, o tún ń purọ́.”

Àdùkẹ́ padà wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Hilaire, tó tẹ̀ lé wọn wá, kọ ọ́ sínú ìwé pé àìbìkítà ìyá ló fà á, pé kò sí àlèébù lára iṣẹ́ náà. Akambi tẹ ìka rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní ojú kan ti lọ, pé èkejì ṣì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Akambi ra ọsàn mẹ́ta, ó wọlé lọ wo ọmọ. Báńdéèjì bo ojú Adjaratou méjèèjì. Àdùkẹ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò kí bàbá rẹ̀. Akambi wúkọ́. Bí ọmọ ti gbọ́ ikọ́ náà, kíá ló fa ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.

“Bàbá àgbà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ṣe é,” ló wí. “Ẹ má so mí.”

Akambi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè ọwọ́ tó fi ṣe é. Ó wá rí i kedere bí ìgbà tó bá wà níbẹ̀: ìgò nínú ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò tó bọ́ sórí bọ́tìnnì bàbà rẹ́gí, ìka tó fa ahọ́n. Ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àgádágodo náà fún ọwọ́ ọmọ yìí ní pàtó, kò ní lè ṣe é dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwájú àgbà nìkan ni ọmọ ń fi ọ̀tún ṣe nǹkan, òun ni àgbà ọ̀hún, òun náà ló sì jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa wò.

“Àdùkẹ́,” ló wí, “o kò purọ́. Dárí jì mí.”

Àdùkẹ́ tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì. “Ọmọ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, Bàbá.”

Akambi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bó ọsàn kan. Ó rọra fa ọwọ́ òsì náà jáde níbi tí ọmọ fi pa mọ́ sí, ó sì fi ọsàn sínú rẹ̀.

“Fi ọwọ́ yìí jẹ ẹ́, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́. Kò sẹ́ni tó máa so ọ́ mọ́.”

Adjaratou di ọsàn náà mú, kò gbé e sẹ́nu. Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá bàbá ti jáde. Nígbà tó gbọ́ pé ó ṣì ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó gbé ọsàn náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá àgbà,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.