Páálí Karùn-ún

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí afẹ́fẹ́. Òtútù mú débi pé ilẹ̀kùn ilé irinṣẹ́ ń han bí mo ṣe ṣí i. Ojú ọ̀run rí bí eérú. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oòrùn tí a kò rí látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ tó padà yọjú lẹ́yìn òkè. Páálí kan sì wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi.

Kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Márùn-ún ni mo gé lánàá. Ìpele okùn ìpẹja oníwọ̀ mẹ́fà ló wà nínú ọpọ́n kan, páálí kọ̀ọ̀kan sì ń sùn láàárín ìpele méjì, kí ìwọ̀ tòkè má bàa kọ́ tìsàlẹ̀. Okùn, páálí. Okùn, páálí. Mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti fẹ́ Bibiane. Ọpọ́n náà kò sí níhìn-ín mọ́. Zakarias, àbúrò rẹ̀, ti dè é mọ́ ọkọ̀ yìnyín tí ajá ń fà láago mẹ́jọ, ó ti sọ̀kalẹ̀ sórí òkun dídì, àwọn ajá rẹ̀ ń gbó bí ẹni ń lọ síbi àsè. Ó ti lọ. Páálí kan sì wà níhìn-ín.

Bóyá mẹ́fà ni mo gé. Ó ṣeé ṣe. Èèyàn lè gé mẹ́fà, kó rò pé...

Rárá. Páálí bísíkíìtì kan ni. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ìdí kan. Òkè rẹ̀ ni Bibiane fi tan iná. Mo yí èyí tó wà lọ́wọ́ mi padà — tépù aláwọ̀ ilẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí ni. Ìdí ni mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ó le ju àwọn tó kù lọ. Láàárín ìpele karùn-ún àti ìkẹfà ló yẹ kó wà. Wọ́n sùn lé ara wọn báyìí, ìwọ̀ lórí ìwọ̀, tòun tẹja wẹ́wẹ́ tí a fi ṣe ìjẹ. Ọkọ̀ sì ń gbò wọ́n lórí yìnyín láti ìgbà tó ti kúrò nílé.

Ìpele kẹfà ló sì kọ́kọ́ ń jáde.

Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó dé ìdí òkè yìnyín. Á fi irin gún ihò tó ti dì lálẹ́. Á mu kọfí. Zakarias kì í da okùn láìtíì mu kọfí, kódà bí ẹja bá ń pè é lórúkọ. Nítorí náà, kò tíì... Ó ṣì kù díẹ̀. Lẹ́yìn kọfí, á sọ páànù pẹlẹbẹ tí a so mọ́ ẹnu okùn sínú ihò, omi á gbá a lọ lábẹ́ yìnyín, páànù á máa fa okùn jáde nínú ọpọ́n, ìwọ̀ tẹ̀lé ìwọ̀, fìrì, fìrì, eré tí ojú kò lè bá. Bí ìwọ̀ bá ti kọ́ra, odidi ìdì kan á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ á sì lọ síbẹ̀. Ọwọ́ kì í bi orí léèrè kó tó lọ.

Bí bàbá wọn ṣe lọ nìyẹn. Ìwọ̀ kan ṣoṣo, nínú ìbọ̀wọ́. Bibiane jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Zakarias kò tíì rìn. Ẹni tí wọ́n jọ lọ ní òun yíjú láti wo àwọn ajá ni, nígbà tí òun fi máa yíjú padà, omi nìkan ló ń mì nínú ihò. Ìyá wọn kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Páálí ló ń gé. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi páálí sáàárín okùn ní abúlé yìí. Òun ló kọ́ mi nígbà tí mo wá fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó dúró tì mí nínú ilé irinṣẹ́ yìí gan-an. “Ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi tẹ́ ẹ, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.”

Ọwọ́ méjèèjì. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Lánàá, mo tẹ́ ìpele karùn-ún. Ìyẹn dá mi lójú. Mo dìde láti fún àwọn ajá lóúnjẹ. Mo padà wá... àbí mo tún padà sọ́dọ̀ àwọn ajá? Bibiane dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Naja, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti fún wọn lóúnjẹ lálẹ́ yìí. Ṣé àwọn ló máa wọ ọkọ̀ lọ́la, kí ẹ̀yin máa fà á?” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. N kò sọ fún un pé n kò rántí ti àkọ́kọ́.

N kò rántí rẹ̀ di báyìí.

Ìyá mi gbé kẹ́tùlù tí kò lómi nínú kaná. Bí ìgbàgbé tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wá bàtà bàbá mi kiri kí wọ́n lè gbé e súnmọ́ iná fún un, bàbá mi sì ti lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ òkúta. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Èmi jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo rántí bí mo ṣe máa ń wò wọ́n. Jẹ́jẹ́. Bí èèyàn ṣe ń wo yìnyín tí kò dá a lójú, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Rédíò tí a fi ń bá àwọn tó wà lórí yìnyín sọ̀rọ̀ ń bẹ lára ògiri. Ọwọ́ mi lè tó o láti ibi tí mo jókòó sí.

Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Ìyẹn ni. Bí mo bá pe Zakarias, gbogbo ilé ìdáná ni mo pè. Màmá Dorthea, aládùúgbò wa, kì í pa tirẹ̀, àfi bó bá fẹ́ gbàdúrà. Kọfí rẹ̀ kò ní tíì tutù kí ilé iṣẹ́ ẹja tó gbọ́ pé Enok gbàgbé páálí. Wọ́n á fi rẹ́rìn-ín lónìí. Lọ́la, ọ̀gá wa á máa wo ọwọ́ mi nídìí ẹ̀rọ tó ń gé orí ẹja. Á wò ó lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, á fún mi ní ìgbálẹ̀.

Àti orúkọ. Lọ́dún tó kọjá, okùn Hendrik lọ́ pọ̀ bí irun ajá nínú ihò, ó pariwo lórí rédíò pé kí ẹni tó bá súnmọ́ òun gbé ọ̀bẹ wá. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ sórí rédíò, ohùn rẹ̀ rọra, ó ní, “Ṣé Hendrik Irun-Ajá nìyẹn?” Gbogbo òkun rẹ́rìn-ín. Títí dòní, Irun-Ajá ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ ọmọ Irun-Ajá. Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀. Àwàdà kan ṣoṣo tí mo ṣe láyé mi, òun ló ń dúró dè mí báyìí.

Ó lè máà ṣẹlẹ̀. Okùn lè jáde ní gẹ́rẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò fi páálí sí i rárá ńkọ́? Wọ́n ṣì ń jẹun. Zakarias lọ́gbọ́n lórí, ojú rẹ̀ ríran, ó sì ní ọ̀bẹ tó lè fi gé okùn... Lánàá, ó jókòó sórí garawa yẹn, ó ń mu kọfí, ó fi ọwọ́ lu ọpọ́n náà bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ajá, ó ní —

Kì í ṣe èyí ni mo fẹ́ rò.

Iná ń jó nínú sítóòfù. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Páálí gbígbẹ ni. Kò ní ju èémí mẹ́ta lọ kó tó jó tán. Bí kò bá sí lórí tábìlì, mo fi í sínú ọpọ́n nìyẹn. Ta ló máa kà á? Bó bá kọ́ra, yìnyín ló fà á, ọkọ̀ ló gbò ó, iṣẹ́ òkun ni. Bó bá sì... wọn kò ní ka páálí nínú ọpọ́n ọkùnrin tó ti... Bibiane kò ní kà á. Á dúró, á sì wò mí. Á kà á. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni Zakarias.

Ooru iná ń jó mi lójú. Ìka mi ṣì di páálí náà mú.

Zakarias ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ọpọ́n ẹlòmíràn, eyín ni mo fi ń mú ọ̀bẹ mi tí n bá ń da okùn. Tiyín ńkọ́? Inú àpò lọ̀bẹ mi ń sùn. Mo máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ pàápàá, kí n lè mu kọfí mi dáadáa.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ orí ibùsùn. Mo ń lá a lẹ́nu títí oorun fi gbé mi lọ, bí ọmọdé tó ń lá ṣúgà.

Inú àpò.

Bó bá jẹ́ okùn Hendrik ló gbé, ọ̀bẹ á wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ní abúlé yìí. Àfi tèmi. Orúkọ tí mo jókòó tì níhìn-ín, tí mò ń ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, orúkọ yẹn ló gba ọ̀bẹ lẹ́nu Zakarias. Òun ló máa tì í wọ inú ihò, kì í ṣe páálí.

Aago mẹ́sàn-án àtààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ti ilẹ̀kùn sítóòfù. Mo gbé páálí náà padà sórí tábìlì, níbi tí Bibiane á ti rí i bó bá wọlé. Mo mú ẹnu rédíò lára ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mo ní, “Zakarias, Enok ni. Yọ ọ̀bẹ ẹ nínú àpò.”