Àwọn Tó Fẹ́ Ra Fèrè Bándélé

Bí àgbà bá kú ní Òdò-Ọ̀wá, wọn kì í gbé pósí jáde nílé àfi bí Bándélé bá ti dé pẹ̀lú fèrè rẹ̀. Bí ìjọ Aládúrà tirẹ̀ bá ń ṣe ìkórè, òun ni í ṣíwájú àwọn tó ń jó lọ síbi pẹpẹ. Àwọn Áńgílíkà Ìlọ́fà a máa ránṣẹ́ sí i, àwọn ará Òkè-Ọ̀pin a máa rán ọ̀kadà wá gbé e. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè Bándélé àgbẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò fi ilé hàn án. Bándélé Onífèrè ni wọ́n mọ̀. Fèrè idẹ ni, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń fọn, ọwọ́ ṣọ́jà kan tó fẹ̀yìn tì sí Ìlọrin ló sì ti rà á nígbà tó ṣì wà ní àpọ́n.

Oko ló wà lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Wọ́n bá a nílẹ̀ láàárín ebè, ẹnu rẹ̀ ti yí sápá kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú mọ́ ọn lára. Ìlọrin ni wọ́n gbé e lọ. Kò kú, wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e padà sílé, ẹni tó ń ru àpò iṣu lérí kò lè gbé ife omi mọ́.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó ń bá a na apá àti ẹsẹ̀. Obìnrin yìí pe Fikáyọ̀, ọmọbìnrin Bándélé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ náà kò tíì kú tán. Bí bàbá bá ń wá déédéé, ó ṣeé ṣe kí ó tún fi di ọkọ́ mú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí iṣan rẹ̀ gan, ó gan náà nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ṣe sí i.

Fikáyọ̀ nìkan lọmọ tó wà nílé. Àwọn ọmọ kékeré ló ń kọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan nínú ìlú, owó tí wọ́n sì ń fún un kò tó ohun à ń wí. Fúnmilọ́lá ìyá rẹ̀ ń ta gààrí. Wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n ta iṣu tó wà lábà títí kan èyí tí wọn ìbá fi gbìn, wọ́n ta ọ̀kadà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó tí wọn kò mọ ohun tó kàn, Bándélé fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí abẹ́ ibùsùn, níbi tí àpótí fèrè wà. Ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí yé wọn.

"Ẹ tà á."

Fúnmilọ́lá dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kejì ni Fikáyọ̀ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ fèrè náà títí ó fi ń dán. Ó gbé e lé orí àpótí ìjókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e sí ọjà orí ayélujára. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ti wà láti ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ní àbùkù kankan.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè é lórí fóònù ni Adémọ́lá ti wá. Adémọ́lá yìí ni olórí akọrin ìjọ kan ní Òkè-Ọ̀pin, Bándélé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní fèrè fífọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ojú ń tì í láti dúnàádúrà lójú ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà ìta ló ti bá Fikáyọ̀ sọ̀rọ̀. Iye tó lè san kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀. Fikáyọ̀ ní kí ó jẹ́ kí àwọn rò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Adéjùmọ̀ kọ̀wé sí i láti Ìbàdàn. Iye tí òun yóò san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Adémọ́lá. Kò tilẹ̀ ná an. Ó ní kí Fikáyọ̀ yọ fọ́tò náà kúrò lọ́jà, kí ó má fún ẹlòmíì, òun ti rà á tán nìyẹn, Sátidé lòun ń bọ̀ wá gbé e. Inú Fikáyọ̀ dùn dé ibi pé kò sùn dáadáa. Ó pe Adémọ́lá, ó sì sọ fún un pé ẹni tó rà á ti dé. Adémọ́lá kò bínú. Ó ní Ọlọ́run á fi wo bàbá sàn.

Ní Sátidé, Fúnmilọ́lá pa adìẹ kan tó kù, ó ní ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá kò gbọdọ̀ fi ebi padà. Wọ́n wẹ̀ fún Bándélé, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n gbé e jókòó sí iwájú ilé. Ní òwúrọ̀, Adéjùmọ̀ kọ̀wé pé òun ti wà lọ́nà. Ní ọ̀sán, ó ní òun ti dé Òmù-Àrán. Láti Òmù-Àrán sí ọ̀dọ̀ wọn kò jìnnà, bí ọ̀nà tilẹ̀ burú, ṣùgbọ́n oòrùn wọ̀, kò dé. Fikáyọ̀ pè é títí, kò gbé e. Ọjọ́ Àìkú ló tó kọ̀wé: ìyàwó òun ní fèrè kọ́ ló kàn nílé àwọn, kí wọ́n má bínú.

Fikáyọ̀ gbé ìtìjú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún pe Adémọ́lá. Adémọ́lá ní kí ó má bínú. Ìjọ ti dá owó náà fún un, ó sì ti ra òmíràn ní Ìlọrin.

Fikáyọ̀ dá fọ́tò náà padà sórí ọjà. Àwọn tó ń béèrè kò lóǹkà. Ẹlòmíì á béèrè bóyá ó ṣì wà, bí Fikáyọ̀ bá ti ní ó wà, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fi fèrè náà ṣe pààrọ̀ fóònù tó ti fọ́ lójú. Ilé ìwòsàn sì ń retí wọn.

Ameerah ló tún mú ìrètí wá. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé kan ní Ìlọrin, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ èèyàn bẹ̀. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ afunfèrè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí ẹnìkan ti ń fọn ọ́n, kí ọ̀gá ilé-ìwé lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Fikáyọ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó di fèrè náà sínú àpò, ó gun ọ̀kadà lọ bá Adémọ́lá ní Òkè-Ọ̀pin. Adémọ́lá kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó fọn orin ìsìnkú kan tí Bándélé kọ́ ọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń fọn ọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí Fikáyọ̀ fi yí fóònù sápá kan kí ojú rẹ̀ má baà hàn.

Ameerah ní ó dára gan-an. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò pàdé sí ọjọ́ tí bàbá máa lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí dùn mọ́ wọn, nítorí owó fèrè náà ni wọn yóò fi sanwó níbẹ̀, kò sí òmíràn lọ́wọ́ wọn ju owó ọkọ̀ lọ. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó yọ sí títì gidi, gbogbo èrò ló sọ̀ kalẹ̀ tì í, àfi Bándélé tó jókòó sínú rẹ̀, tó gbé àpótí fèrè lé itan.

Ilé epo kan ni Ameerah ní kí wọ́n dúró sí. Wọ́n dúró. Ó ní òun ń bọ̀, òun wà ní ìpàdé. Wọ́n tún dúró. Oòrùn ń pa bàbá, Fikáyọ̀ ra omi fún un, ó fi ìborùn rẹ̀ ṣíji bò ó. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, kò gùn: ọ̀gá ilé-ìwé ti yí ọkàn padà, ìlù ni wọ́n fẹ́ rà. Ameerah tọrọ àforíjì, ó sì gbàdúrà fún wọn. Wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn láìsí owó, wọ́n bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn san án nígbà mìíràn. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní òun kọ́ ló ṣe òfin, pẹ̀lúpẹ̀lù, àkókò tiwọn ti kọjá. Wọ́n padà sílé.

Láti ìgbà náà ni wọn kò ti lè lọ mọ́. Fúnmilọ́lá ń fi òrí gbígbóná ra ọwọ́ náà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń tẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, àwọn ìka ń ká bọ àtẹ́lẹwọ́.

Naheem kò fi àkókò ṣòfò lórí fóònù ní tirẹ̀. Olórin ni ní Òsì, ó kọ̀wé béèrè àdírẹ́sì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ wá láìròtẹ́lẹ̀. Fikáyọ̀ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gbà pé ẹni tó fẹ́ ra fèrè ló dúró níwájú òun yìí, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó gbé fèrè náà wò lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó tẹ àwọn ibi títẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ sì ń mì pé ó dára. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n fọn fúnra òun, ọmọ ẹgbẹ́ òun kan ni yóò máa lò ó, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí òun tó sanwó. Fikáyọ̀ fi fídíò hàn án. Naheem rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Fídíò kì í ṣe ẹ̀rí. Fèrè mìíràn lè ni wọ́n ń fọn níbẹ̀ yẹn."

Bándélé ti ń gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì jáde. Fikáyọ̀ ní kí ó máa sinmi, kí òun sáré lọ pe Bùrọ̀dá Adémọ́lá, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò padà. Ó gbé fèrè náà fún un. Bàbá gbé e lé ẹnu, ó fa èémí sínú, ó fẹ́ ẹ.

Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó yí jáde. Kò sí ohùn. Ó tún fẹ́ ẹ, itọ́ ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ó bọ́ sára aṣọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn kan jáde, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń wúkọ́. Fúnmilọ́lá tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bándélé ṣì ń fẹ́ ẹ, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ pọ́n, títí Fikáyọ̀ fi rọra gba fèrè náà lẹ́nu rẹ̀.

Naheem bọ̀wọ̀ fún wọn. Ó kí bàbá kú ìsapá, ó ní òun ń lọ gba owó wá ní Òmù-Àrán, òun ń padà bọ̀. Bí ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ni Fikáyọ̀ rí i tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́ tó fi di fèrè mú, ó sì ti mọ̀ nígbà yẹn pé kò ní padà. Bándélé kò mọ̀. Kò gbà kí wọ́n gbé òun wọlé fún oúnjẹ. Ìgbà tí àwọn adìẹ aládùúgbò ti wọ̀ tán ló tó sọ̀rọ̀.

"Ó rò pé fèrè ló bàjẹ́."

Fikáyọ̀ fi aṣọ nu àgbọ̀n rẹ̀.

"Kọ̀wé sí i," ni bàbá wí, ó ń fi agbára wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Sọ fún un pé fèrè náà dára. Èmi ni."

Fikáyọ̀ kọ ọ́ bó ti wí i. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ Naheem, nítorí ó ti dínà mọ́ nọ́ńbà Fikáyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá béèrè bóyá Naheem ti rí i, Fikáyọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, pásítọ̀ ìjọ wọn tó ń lọ sí Ìlọrin fi mọ́tò gbé wọn, òun ló sì bá wọn sanwó ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ń na apá gba ọwọ́ náà mú, ó gbìyànjú láti ṣí àwọn ìka, Bándélé sì fi eyín pa ètè. Obìnrin náà gbé ọwọ́ náà lé itan rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó béèrè ohun tó dá wọn dúró tó bẹ́ẹ̀. Fikáyọ̀ ní ọ̀nà ni kò dára.

"Ẹ máa kọ́ ọwọ́ òsì ní iṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Èyí ti parí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Fúnmilọ́lá fi oko fún ẹlòmíì dá. Kò sí ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn. Nígbà tí ẹni tó gba oko wá kí wọn, Bándélé fi ọwọ́ òsì júwe fún un ibi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá àti ibi tí omi ti máa ń dúró. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.