Ọta Tí Kì Í Tani Léjìká

Verlin Tostrud dúró níwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù ìbọn, páálí ọta méjì wà níwájú rẹ̀, kò sì lè yan ọ̀kan. Ní oṣù tó kọjá, ẹṣin rẹ̀ kan ki ẹsẹ̀ bọ ihò tí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ gbẹ́ sí pápá rẹ̀, ẹsẹ̀ sì dá. Òun fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á. Maren ọmọ rẹ̀, tó ń gbé nílùú Billings, ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ náà ò bá dín kù kí ìgbà gígé koríko ẹṣin tó dé, kí Dádì ta àwọn ẹṣin tó kù, kó wá máa bá àwọn gbé. Ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lórí ilẹ̀ kan, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní yàrá ọmọ-ọmọ?

“Baba, ọta 22-250 ńlá yìí lẹ ti ń lò,” Corbin tó ń tajà ní. Kò tíì pé oṣù méjì tó dé ìlú náà. “Ó lágbára, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e. Ọta 17 tíntín yìí, bí ẹ bá sín lásán, ó ti yà bàrá.”

“Tèmi ń ta mí léjìká. Bó bá ti dún, ìbọn á fò sókè, mi ò ní rí ibi tó bà.”

“Ṣé Ìyá ò lè jókòó tì yín kí wọ́n máa sọ ọ́ fún yín ni? Bí màmá mi ṣe ń ṣe fún bàbá mi nìyẹn.”

“Òun ló ń ṣe é. A sin ín ní oṣù Kejì.”

Corbin ò mọ ibi tí yóò fojú sí. “Ẹ má bínú, Baba,” ó ní, ó sì gbé ìbọn tó ń lo ọta 17 kúrò lára ògiri wá síwájú rẹ̀. Verlin rà á.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ardith ìyàwó rẹ̀ fi jókòó tì í lóko tòun ti awò-awọ̀nàjíjìn. “Ó lọ sílẹ̀, Baba Maren. Fà á sápá òsì díẹ̀.” Ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, “Ó bà á” nìkan ló kù tó ń sọ. Verlin tilẹ̀ ń yangàn fún àwọn ará àdúgbò pé bí òun ṣe ń dàgbà lọwọ́ òun ń dá ṣáká sí i.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yin ìbọn tuntun náà sí ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Ìbọn náà ò mira rárá. Ó rí eruku tó sọ, ó jìnnà sí ọ̀kẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n apá kan. Ó tún yìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yìn ín, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tàsé. Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè di ẹ̀bi náà rù, ewé koríko kan ò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Ìgbà náà ló yé e ìdí tí ihò fi ń pọ̀ sí i lóko tó rò pé òun ń pa wọ́n run. Irọ́ ni Ardith ń pa fún un, ọdún méjì gbáko. Inú bí i sí i, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Nígbà tó ṣe, ó pe Maren. “Bá mi wá ẹni tó máa ra àwọn ẹṣin náà.”

“Dádì, ṣé ìbọn tuntun náà ò dáa ni?”

“Ó dáa gan-an,” ó ní. “Mo rí gbogbo ibi tí ọta bà.”