Àlùbọ́sà Inú Bisikíìtì Sùúrù

Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní oúnjẹ sísè. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, màá sì tún lu àyà. Èmi Wosilat, ọmọ onílé, tí gbogbo àdúgbò wa ní Àmùkòkò ń pè ní Ìyá Ìsìmáílà. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń din ṣinṣín tí wọ́n ń gbé lọ sí àwọn ọ́fíìsì Wharf Road. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi, ẹlòmíì ló mú ọ̀ràn bá.

Sùúrù lorúkọ ajá náà. Bàbá Ọládòṣù ló ni ín, ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, ajá yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Sùúrù, àmọ́ tó bá ti gbóòórùn ṣinṣín mi, sùúrù tán nìyẹn. Mùsùlùmí ni mí o, mi ò jẹ́ kí itọ́ ajá kàn mí, ṣùgbọ́n èmi àti Sùúrù ò jà rí. Yóò jókòó jìnnà díẹ̀, yóò máa wò mí bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Sùúrù ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ti ń dàgbà. Bàbá ò sinmi, wọn ò yéé sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Tonbra ló ní wọ́n máa ń ṣe bisikíìtì ajá nílé. Tonbra ni aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ọmọ ẹ̀yà Ijaw tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dá ṣáká ju ti Ìsìmáílà ọmọ mi lọ. Òun àti Sùúrù ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ajá náà ti fa léèsì oníbàárà rẹ̀ ya rí, gbogbo ilé ló sì gbọ́ nígbà tó pariwo pé, “Ọjọ́ kan ni màá pa ajá yìí!” Ṣùgbọ́n àánú Bàbá ṣe é. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú ààrò mi.

“Màmá, kò le rárá,” ló wí. “Ẹ̀dọ̀ màlúù tẹ́ ẹ bọ̀, tẹ́ ẹ lọ̀. Fuláwà, ẹyin méjì, kárọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ rin. Ẹ pò ó, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi ṣinṣín, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ófúnnì. Kò sí iyọ̀, kò sí ṣúgà.”

“Àlùbọ́sà ńkọ́?”

“Háà, rárá o! Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nìyí. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Àbẹ́ẹ̀gì, Màmá, ẹ má fi sí i o.”

Mo ṣe ti àkọ́kọ́ bó ṣe wí. Sùúrù jẹ ẹ́. Bàbá ní, “Ó jẹ ẹ́.” Ìyẹn nìkan ni. Ọjọ́ kejì, mo bu ọ̀kan jẹ fúnra mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Páálí ni! Èmi Wosilat ni mo ṣe páálí fún èèyàn? Mo ní àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Kirikiri gan-an ń jẹ àlùbọ́sà. Ìgbà tí Tonbra lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta mọ́ ẹ̀dọ̀. Mo ní fóònù ò lè mọ oúnjẹ jù mí lọ.

Sùúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ abọ́ mọ́ ọn. Bàbá Ọládòṣù fi ẹsẹ̀ ara wọn wá sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní, “Ìyá Ìsìmáílà, ọwọ́ yín yìí, Ọlọ́run ló fi adùn sí i.” Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó yin oúnjẹ mi lójú mi. Àwọn oníbàárà ṣinṣín máa ń rà, wọ́n máa ń lọ ni. Orí mi wú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mò ń ṣe é, mò ń fi kún àlùbọ́sà.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Sùúrù ò lè dìde. Èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò. Bàbá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Àpápá. Nígbà tí wọ́n dé, èmi, Tonbra àti àwọn ará ilé yòókù wà ní àgbàlá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ni.

“Dókítà ní ó jẹ ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́,” Bàbá wí. “Ó ní kí n wá wádìí ohun tó jẹ, kí òun lè mọ ìtọ́jú tí òun máa fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún ajá mi ní nǹkan?”

Mo mọ ohun tó jẹ.

Tonbra wò mí, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn fún àgbà. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlùbọ́sà ò wọ inú bisikíìtì yẹn, àbí?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. “Mo fi sí i” péré ló kù kí n sọ. Ajá lè yè. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wò mí pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi yìn mí, mi ò sì fẹ́ kí ojú yẹn kúrò lára mi.

“Èmi?” ni mo wí. “Ṣé orí mi dàrú ni? O ní kí n má fi sí i, mi ò fi sí i!”

Bàbá bá yí sí Tonbra. “Áà! Ìwọ lo mọ ohun tí ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́! Ìwọ náà lo lérí pé wàá pa á!”

Ọmọ náà yíjú kúrò lára Bàbá. Èmi ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tún ìró mi ró. Ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó ń sunkún, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bàbá ní kó dìde kúrò níwájú àwọn. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí ọmọ wọ́. Mo tún wá fi kún un: “Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ọlọ́run ń wò ó.” Ẹ gbọ́ mi? Ọlọ́run ń wò ó, ni mo wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sáré ṣe òmíì tí kò ní àlùbọ́sà. Mo ní kí Bàbá da ti tẹ́lẹ̀ nù, pé ó ti pẹ́. Sùúrù gbóòórùn tuntun, ó yí imú kúrò. Bàbá bá padà sínú agolo ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ń rún un sẹ́nu ajá díẹ̀díẹ̀. “Èyí nìkan ló ń jẹ,” ni wọ́n wí fún mi. “Ẹ ṣeun, Ìyá Ìsìmáílà. Bí ò bá sí tiyín ni.” Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Mi ò gba agolo náà lọ́wọ́ wọn.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Sùúrù kú.

Tonbra kó jáde kí ọ̀sẹ̀ tó pé, nítorí àwọn ará ilé ò dá a lóhùn mọ́, wọ́n ń fọwọ́ bo ìkòkò ọbẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń kọjá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ohun tó sọ ò ju, “Ẹ̀yin lẹ nilé, Màmá.” Ìbá sàn kó bú mi.

Oṣù márùn-ún ló kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Ọládòṣù gbé ọmọ ajá kan wá, ó kéré, kò tíì lè gbó dáadáa. Ẹ̀rín wà lójú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹ bá mi ṣe bisikíìtì yẹn fún un,” ni wọ́n wí. “Bẹ́ ẹ ṣe ṣe é fún Sùúrù gẹ́lẹ́. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò.”

Mi ò lè gbà á mọ́. Orí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀: àlùbọ́sà mẹ́ta, àlùbọ́sà mẹ́rin, irọ́, agolo. Mò ń retí èébú. Mo fẹ́ èébú náà. Mo rò pé tí mo bá ti sọ ọ́, yóò fúyẹ́ lórí mi.

Bàbá ò bú mi. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ Sùúrù. Wọ́n kàn bi mí pé, “Tonbra ńkọ́?”

A pe nọ́ńbà rẹ̀, kò wọlé. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, wọ́n ní ó ti lọ tipẹ́, kò sọ ibi tó ń lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òtítọ́ lè dé kó má bá èèyàn nílé.

Nígbà tá a padà dé, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgbàlá, ajá kékeré náà ń jẹ okùn bàtà wọn.

“Ó kúnlẹ̀ fún mi,” ni wọ́n wí. “Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde kúrò níwájú mi.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, Bàbá. Ẹ foríjì mí.”

Wọ́n gbé ajá wọn.

“Ìyá Ìsìmáílà,” ni wọ́n wí, “ẹ̀ bá kúkú ti jẹ́ kí n máa bínú sí ọmọ yẹn lọ títí màá fi kú.”

Wọ́n wọlé, wọ́n sì tilẹ̀kùn.